Ta Ni Ó Sọ Pé Ilé Kò Ní Nǹkan?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yà kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní Akaka Rẹ́mọ. Lẹ́yìn tí mo ti dọ̀bálẹ̀, tí ìyá sì ti kì mí títí tí orí mi fi wú, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní: "Ọkọ mi, má bínú o. O kò jẹ́ kí n mọ̀ pé o ń bọ̀. Ilé kò ní nǹkan kan." Ni ó bá tú owó ní ìdí ìró rẹ̀, ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan pé kí ó sáré lọ sí ìsọ̀, kí ó ra Indomie méjì àti ẹyin wá fún àlejò.

Mo jókòó, mo ń wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé. Ewúro dúró níbẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ. Gbúre tẹ́ rẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀, amúnútutù gun ọgbà lọ sókè, ata wẹẹrẹ pọ́n lórí igi rẹ̀. Nínú ilé ìdáná, èlùbọ́ wà nínú agolo, gaàrì wà nínú àpò, epo pupa wà nínú ìgò, irú wà nínú ewé, ẹja gbígbẹ sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ lókè ààrò. Ilé tí ó ní gbogbo ìwọ̀nyí ni ìyá sọ pé kò ní nǹkan kan.

N kò bá ìyá jà, nítorí pé kò purọ́. Ohun tí àwa ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ ni ó sọ. Àwa ni a lọ sí ìlú ńlá, tí a padà wá, tí a sì fi ìmú wa kọ ẹ̀kọ́ fún un pé oúnjẹ tí a kò bá fi owó rà kì í ṣe oúnjẹ àlejò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá àṣà burúkú yìí wọ̀yá ìjà lónìí, kí n sì tú àwọn awáwí tí ó fi ń bo ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ iyì. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé oúnjẹ tálákà ni ẹ̀fọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò bá rí ẹran rà ni ó ń fi ẹ̀fọ́ kún ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àwọn baba wa ti sọ ọ́. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Wọ́n ní ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ gbàdúrà pé kí ọmọ òun má rí ìtìjú, orúkọ tẹ̀tẹ̀ ni ó ń dá. Bí ènìyàn pàtàkì bá fẹ́ sọ pé kò sí ẹni tí kò mọ òun, ọ̀dú ni ó ń fi ara rẹ̀ wé. Ǹjẹ́ a máa ń fi ohun ẹ̀gàn súre fún ọmọ ẹni? Àwọn tí ó pa òwe wọ̀nyí kò rí ẹ̀fọ́ bí ohun ìtìjú. Àwa ni a wá kó ìtìjú lé e lórí.

Ẹ sì wo Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú lápapọ̀. Ta ni ó rin ewùrà, tí ó dà á sínú omi ata àti epo, tí ó fi ẹja àti ògìrì sí i, tí ó sì sọ ọ́ di ìkọ́kọrẹ́? Ta ni ó rin kókò, tí ó fi ata àti iyọ̀ sí i, tí ó pọ́n ọn sínú ewé, tí ó sè é di èbìrìpò? Kì í ṣe alásè ilé ìtura ni. Àwọn ìyá tí ó jí ní òwúrọ̀, tí wọ́n wo ohun tí ó wà nílẹ̀, ni ó ṣe é. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé a kò ronú ohun tí kò sí. Ohun tí ó wà ni a ń sọ di ohun tí ó dùn. Ọgbọ́n yẹn ni ó ń kú lọ nígbà tí ìyá kan bá dúró láàárín ọ̀pọ̀ tí ó sì ń tọrọ àforíjì pé òun kò ní nǹkan.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ta ni wọ́n ṣe àwọn oúnjẹ inú ọ̀rá àti hóró adùn-ọbẹ̀ wọ̀nyí fún. Ní Switzerland, láàárín 1880 sí 1889, ọkùnrin ọlọ́lọ kan tí ń jẹ́ Julius Maggi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọbẹ̀ ẹ̀wà lílọ̀ tí ó ń tètè jinná. Àwọn tí ó ní lọ́kàn ni àwọn obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí wọn kò ráyè dáná, tí ìyà oúnjẹ sì ń jẹ wọn. Ní 1908 ni hóró onígun mẹ́rin rẹ̀ jáde. Ní Japan, Momofuku Ando ṣe oúnjẹ onítẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń da omi gbígbóná sí ní 1958, nítorí pé ojú rẹ̀ ti rí bí ebi ṣe pa àwọn ará ìlú rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. N kò bú àwọn ènìyàn méjèèjì yìí. Wọ́n rí ìṣòro ìlú wọn, wọ́n sì wá ojútùú sí i. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní àkókò, tí ebi ń pa, ni wọ́n ronú kàn.

Ìbéèrè mi ni pé: kí ni ó kan àwa tí a ní ẹ̀yìnkùlé? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ni a ń fún ní ọ̀pá. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá bá gba ọ̀pá náà, tí ó sì tẹ̀ lé e títí tí ẹsẹ̀ fi gbàgbé ìrìn, a kò ní bú ẹni tí ó gbẹ́ ọ̀pá. Ní 1995, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Indomie ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín. Ní 2011, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe Maggi ní Flowergate, ní Ṣágámù, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ gan-an. Ọmọ wa ń rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n pé ohun kan ń jáde láti ìlú wa kò sọ ọ́ di oúnjẹ wa, gẹ́gẹ́ bí kò ti yẹ kí ẹni tí ń gbé lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ ọ̀dà máa mu ọ̀dà.

Wọn yóò ní, "Ṣùgbọ́n ó ń mú ọbẹ̀ dùn." Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí adùn náà ti wá. Ní 1908 kan náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Kikunae Ikeda, ṣe ìwádìí omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewéko inú òkun sè, ó sì rí i pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ń fún un ní adùn tí kì í ṣe ti iyọ̀, tí kì í ṣe ti ṣúgà, tí kò kan, tí kò sì korò. Ohun náà ni wọ́n ń kó sínú hóró adùn-ọbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń jáde nígbà tí a bá jẹ́ kí hóró irú wú nínú ewé, tàbí tí a bá jẹ́ kí ẹ̀gúsí di ògìrì. Àwọn ìyá wa ń se hóró irú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n ń tún un sè, wọ́n sì ń bò ó mọ́ ibi tí ó móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Wọn kò mọ orúkọ tí Ikeda pe adùn náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí Ikeda. Irú tún ní ohun amáralókun tí ó pọ̀ nínú. Ohun tí ó dé bá wa ni pé a ju ọ̀gá sílẹ̀, a wá ń bẹ ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ́wẹ̀, nítorí pé ọ̀gá ní òórùn.

Ọ̀rọ̀ òórùn yìí gan-an ni ó ń bí mi nínú jù. Ọmọ Yorùbá tí kò lè jókòó ti ìkòkò tí a fi irú sí, nítorí pé òórùn rẹ̀ yóò wọ aṣọ òun, ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ yin wàràkàṣì àwọn òyìnbó tí ó ń rùn ju irú lọ. Kì í ṣe imú ni ó ń bá a jà. Ọkàn rẹ̀ ni ó ti tà.

Bí ó bá ṣe ọ̀rọ̀ iyì nìkan ni, èmi ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan. Nínú hóró adùn-ọbẹ̀, nǹkan bí ìdajì ni ó jẹ́ iyọ̀. Hóró tí ó wọn gíráàmù 4 lè ní gíráàmù 2 iyọ̀. Ẹni tí ó bá ju hóró márùn-ún sínú ìkòkò kan ti da gíráàmù 10 sí i kí ó tó na ọwọ́ sí igbá iyọ̀ rárá, ìwọ̀n tí ó tó ènìyàn méjì fún odindi ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni a óò máa bèèrè ẹni tí ó ta wá ní ọfà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé bàbá ṣubú nínú balùwẹ̀, tí apá kan sì rọ. Àjọ kan náà ní kí ènìyàn jẹ tó gíráàmù 400 ewébẹ̀ àti èso lóòjọ́. Ìdá ńlá nínú ìyẹn wà lẹ́yìn ilé ìyá tí ó ní òun kò ní nǹkan kan.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí àwọn ìyá wa ṣe ni ó tọ́. Ẹni tí ó bá ń jà fún òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi èké ṣe odi. A máa ń bọ ẹ̀fọ́ títí tí yóò fi rọ̀ gọ̀gọ̀, a ó fún un, a ó sì da omi rẹ̀ nù. Omi tí a dà nù yẹn ni ó gbé púpọ̀ nínú oore ẹ̀fọ́ lọ. A ń fi kánún sí ewédú kí ó lè tètè jinná kí ó sì yọ̀, bẹ́ẹ̀ kánún náà ń ba oore kan jẹ́ nínú rẹ̀. Ewúro ni a kò lè ṣe kí a má fọ̀, nítorí ìkorò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá fọ̀ ọ́ tí ó di koríko. Bí a bá fẹ́ tọ́jú àṣà, kí a tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ẹni tí ó bá ń yin ohun àtijọ́ láìwò ó dáadáa kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń yin ohun titun láìwò ó.

Awáwí kejì ni pé kò sí àkókò. Mo ti wo aago sí i. Já gbúre ìwọ̀n igbá kan lẹ́yìn ilé, ṣà á, fọ̀ ọ́. Gbé ìṣaasùn kaná, da epo pupa díẹ̀ sí i, gé àlùbọ́sà sí i, da ata gígún sí i kí ó sè títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Fi irú sí i, fọ́ ẹja gbígbẹ sí i, fi iyọ̀ ìwọ̀nba sí i. Da gbúre lé e, rò ó pọ̀, má ṣe bù omi sí i, nítorí pé gbúre ní omi tirẹ̀, má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná. Bí o bá rí i pé ó ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ro àmàlà tì í tàbí kí o tẹ ẹ̀bà. Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Àwọn tí ó ní àwọn kò ráyè yìí ni ó ń fi wákàtí mẹ́ta jókòó níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní alaalẹ́.

Awáwí kẹta ni ó wúwo jù, n kò sì ní fi ẹ̀rín yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin kan ní: "Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń kọ̀wé nípa ẹ̀fọ́ àti ọlọ, ta ni yóò lọ ata náà? Ọjọ́ tí a bọ́ lọ́wọ́ ọlọ ni a simi." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, bí ìsọkúsọ bá sì wà níbẹ̀, tiwa ni. Ọkùnrin tí ó ń pariwo àṣà lórí àga, tí ó ń dúró de oúnjẹ tí aya rẹ̀ tí ó ti ibi iṣẹ́ dé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ dá iná fún, kò gbèjà àṣà. Ikùn rẹ̀ ni ó ń gbèjà. Èmi kò ní kí obìnrin padà sídìí ọlọ. Mo ní kí ọkùnrin wá sí ilé ìdáná, kí ọmọkùnrin mọ orúkọ ẹ̀fọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin ti mọ̀ ọ́n. Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Ní 1956 ni Tai Solarin àti aya rẹ̀, Sheila, dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n kọ́ ọmọ. Tọkùnrin tobìnrin ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí ó bá lè bọ́ ara rẹ̀ ni ó ní òmìnira. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú Solarin nígbà ayé rẹ̀ nítorí ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Ohun tí ó wà lórí ọkọ́ rẹ̀ ni ì bá wù mí kí wọ́n wò.

Òmìnira ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ní Oṣù Kẹfà 2024, ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju bí ó ti rí ní ọdún kan ṣáájú. Gbogbo ilé ké. Àwọn ilé tí ó ń gbé ní yàrá kan ní ìlú ńlá, tí wọn kò ní ilẹ̀ tó àtẹ́lẹsẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti ké. Ṣùgbọ́n nígbà tí ará Akaka, ará Ìṣarà, ará Òde bá ń bá ará Èkó ké igbe ẹ̀fọ́ wọ́n, a gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kò bèèrè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún lọ láti ìgbà tí a bá gbìn ín títí di ìgbà tí a óò já a. Ẹ̀ka ewúro kan tí a bá gún mọ́lẹ̀ lè bọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbúre kì í tilẹ̀ dúró kí a gbin òun.

Mo mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà. A da sìmẹ́ńtì bò ó. Ní 1978 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣágámù, nítorí òkúta ẹfun tí Ọlọ́run fi sí abẹ́ ilẹ̀ wa. Sìmẹ́ńtì kọ́ ilé fún wa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti òkè òkun tàbí Èkó wá tún ilé baba rẹ̀ ṣe, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣe ni pé kí ó gé ewúro, kí ó hú gbúre, kí ó sì fi kọ́ńkéré tẹ́ gbogbo àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn. Ó ní òun ń lé ejò. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé owó kalẹ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó máa ra ẹ̀fọ́. Ọmọ dáadáa ni gbogbo ìlú ń pè é. Èmi ń pè é ní ẹni tí ó gba àká lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí ó sì fún un ní ìwé ìyáwó.

Ọmọ yìí kan náà, bí ó bá padà dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò fi owó pọ́n-ùn ra ewúro gbígbẹ nínú ọ̀rá tí kò kún ọwọ́. Bí ó bá wà ní Èkó, yóò gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà nínú ewé, ní ibi tí wọ́n ti ń ta á ní ọ̀wọ́n gógó. Bẹ́ẹ̀ ìrẹsì Ọ̀fadà yìí, tí a fi orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn pè, ni àwọn ènìyàn ń sá fún tẹ́lẹ̀ nítorí òkúta àti òórùn rẹ̀. Adùn rẹ̀ kò yí padà. Àwọn ẹni tí ń jẹ ẹ́ ni ó yí padà. Èyí fi hàn gbangba pé ẹnu kọ́ ni ó kọ oúnjẹ wa. Ojú ayé ni ó kọ̀ ọ́. A ń dúró kí olówó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí àwa tí a ni ín tó gbà pé ó dùn.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ẹni tí ó bá ń kọ́lé ní Rẹ́mọ fi ilẹ̀ tí ó tó ẹní méjì sílẹ̀ láìda kọ́ńkéré sí i. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ebè ẹ̀fọ́ tí ọmọ yóò gbìn tí yóò sì sè, kì í ṣe èyí tí a fi ń jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ níyà. Kí èlùbọ́, gaàrì, ẹ̀wà, epo, irú àti ẹja gbígbẹ má tán lórí àjà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí àwa tí ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ ṣọ́ ojú wa nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ ka iwájú wa, nítorí pé àwọn ìyá ń ka ojú.

Mo pe ọmọ náà padà ní ọjọ́ yẹn kí ó tó dé ìsọ̀. Mo ní kí ó dá owó ìyá padà, kí ó gbé igbá wá. Èmi àti òun ni a já gbúre náà, òun ni ó fi ata tí ó pọ́n hàn mí. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá bí ẹni tí ń wo eré, ó ní, "Ẹ̀fọ́ yìí náà ni o fẹ́ jẹ?" Mo ní, "Òun ni mo bá wá, ìyá." Nígbà tí a jẹun tán, tí mo sì fi ìka lá àwo, kò tún sọ pé ilé kò ní nǹkan mọ́. Ó gé ẹ̀ka ewúro kan, ó fi ewé wé ìdí rẹ̀, ó ní kí n lọ gún un mọ́lẹ̀ níbi tí mo ń gbé.

Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Ọmọ aṣégità ní í náání ẹ̀pó igi. Bí àwa ọmọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò bá náání ẹ̀fọ́, ta ni a fẹ́ kí ó bá wa náání rẹ̀?